Àgọ́ sójà kì í ṣe ìwé ilẹ̀

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé kí Nàìjíríà kó sójà padà lọ sí Bakassi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.

2/ Ní Ketu níbí, ẹni tó mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ ìjà ká, tó fi tọ́ọ̀gì ṣọ́ ọ, ṣé ó ti di onílẹ̀ nìyẹn? Ìwé ni kóòtù máa bèèrè.

3/ Ìparí 1993 la kó sójà débẹ̀. Ní 1994, Kamẹrúùnù gbé wa lọ kóòtù àgbáyé. Ní 2002, ìwé àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti 1913 ni wọ́n fi dá wọn láre. 2006, sójà wa kẹ́rù.

4/ Ta ló jìyà? Àwọn apẹja. Ọ̀pọ̀ wọn di aláìnílé. Tí ìbọn bá tún dún, àwọn náà ló máa kọ́kọ́ fara gbá a. Ilé tiwọn ni kẹ́ ẹ pariwo fún.