Ta Ló Ń Buwọ́ Lu Owó Omi?

Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ará Kaboua, láti 1992 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti là á kalẹ̀ pé abúlé tó bá fẹ́ kànga ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, tí yóò sì dá owó tirẹ̀ sí i. Etí ìró àwọn ìyá wa ni owó bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń jáde.

Nǹkan ti yí padà. Ní 2017 ni wọ́n dá ANAEPMR sílẹ̀ fún omi ìgbèríko. Òfin oṣù Kejìlá 2021 sì gbé ìbuwọ́lùwé owó kọmúùnù kúrò lọ́wọ́ maire, ó gbé e fún Secrétaire exécutif. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ maire náà la ṣì ń kó obì lọ! Ìgbìmọ̀ kọmúùnù ní Savè ló ń dìbò lórí ìṣúná. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó lè sanwó ẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ẹ̀rọ àfọwọ́fà tó bàjẹ́. Wọ́n ń gba owó garawa nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kú, kò sẹ́ni tó ń ṣírò fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ pe ìpàdé àdúgbò kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Kí obìnrin pọ̀ níbẹ̀, àwọn ló ń rù ú. Ẹ kọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà, ìgbà tó kú, àti iye tí wọ́n ti gbà nídìí ẹ̀. Ẹ fún olórí arrondissement ní ìwé kan, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa mú èkejì.