Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Gùn Dé Cap Estérias

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí kẹ̀kẹ́ fi hàn mí ní ọjọ́ kan péré, mọ́tò kò fi hàn mí rí láti ogún ọdún tí mo ti ń wà á.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, nínú oṣù Keje. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Keje jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ojú ọ̀run máa ń ṣú, ṣùgbọ́n òjò kì í fẹ́ẹ̀ rọ̀, ara a sì tutù díẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ níbẹ̀, ló gbà mí lálejò. Kẹ̀kẹ́ méjì wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí wọ́n fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo ní kí a gùn wọ́n dé Cap Estérias létí òkun ní ọjọ́ Sátidé, ẹnu yà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará ilé yóò ní mo ti di tálákà. Ẹ jẹ́ kí n wá takisí fún yín.” Mo ní rárá o. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n yé jókòó ti tábìlì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bíi kìlómítà 25 sí 30 ni ìrìn náà ní àlọ nìkan. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la gbéra. Nígbà tí a dé Angondjé, a yà wo pápá ìṣeré ńlá tí àwọn ará China bá wọn kọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Zambia ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2012. Ẹni tó bá rántí pé inú òkun Libreville yìí kan náà ni bàálù àwọn agbábọ́ọ̀lù Zambia já sí ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1993, tí gbogbo èèyàn 30 inú rẹ̀ sì kú, yóò mọ ìdí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ tí mo sì ṣí fìlà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, tí igbó sì gba ọ̀tún gba òsì. Igbó Mondah nìyẹn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Father André Raponda Walker sọ apá kan rẹ̀. Òun ni ọmọ Gabon àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì, ní ọdún 1899. Òun àti Roger Sillans ló jọ kọ ìwé ńlá tó jáde ní 1961 lórí àwọn igi àti ewé tó wúlò nílẹ̀ náà. Òfin ló ń dáàbò bo igbó yìí, ìyẹn ni igi okoumé tí wọ́n fi ń ṣe pláìwúùdù ṣe ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ olú ìlú kò jìnnà sí i. Láti 2010 ni Gabon sì ti fòfin de kíkó gẹdú tí wọn kò tíì là jáde nílẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, yàtọ̀ sí irú èyí tó wà nínú ọgbà IITA, igbó mélòó ló kù fún wa?

Àárín igbó yìí ni taya kẹ̀kẹ́ mi ti jò. Bí ọ̀rẹ́ mi ti ń lẹ̀ ẹ́, ẹyẹ kan ké lókè. Ó gbé ojú sókè, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, àtíòro nìyẹn. Bàbá mi máa ń fi hàn mí lóko. Ọdún 19 rèé tí mo ti wà nílùú yìí, n kò mọ̀ pé ó wà níbí.” Ẹ wò ó, ogún kìlómítà péré ló wà láàrin òun àti ẹyẹ ilé rẹ̀! Takisí ti gbé e kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà.

A kọjá àwọn abúlé, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wa. Nígbà tí a dé Cap Estérias, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Benga, a jẹ ẹja yíyan àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún, tí wọ́n fi ewé dì gbọọrọ bí ọ̀pá. Ìrọ̀lẹ́ la padà wọ̀lú. Itan ń ro mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́.

Kì í ṣe pé Gabon kò mọ kẹ̀kẹ́. Láti 2006 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Tropicale Amissa Bongo, tí àwọn ògbóǹtarìgì láti Yúróòpù ti wá dù. Natnael Berhane, ọmọ Eritrea, gbà á ní 2014, Joseph Areruya, ọmọ Rwanda, sì gbà á ní 2018. Ohun ìwúrí gbáà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré ìdíje kò lè dúró gbọ́ igbe àtíòro.

Tíṣà ni bàbá mi ní Fìdítì. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ló máa ń gùn lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì mọ orúkọ gbogbo abà tó wà lójú ọ̀nà àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó. Èmi tí mo kàwé jù ú lọ, tí mo ń fi mọ́tò gba ọ̀nà kan náà, kò sí ọ̀kan tí mo mọ̀. Ibi tí mo ti gbéra àti ibi tí mo ń lọ nìkan ni mo mọ̀. Àwa ni a sọ kẹ̀kẹ́ di àmì ìṣẹ́, tí a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí ìjọba náà sì ń ṣe títì láìfi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń gùn ún. Ìlera wa bá a lọ, ìmọ̀ tí a ní nípa ilẹ̀ wa náà sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ta mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ bàbá mi ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn ní Fìdítì, ó ti dípẹtà. Mo ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n ra taya tuntun sí i. Ọ̀nà oko ni n ó kọ́kọ́ gbà.