Ẹ Jẹ́ Ká Kọ̀wé sí Canon Nítorí Òru Ẹ̀fẹ̀

Ẹ̀yin ayàwòrán Ìlaròó, ẹ̀yin ará Ayétòrò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya ìgbéyàwó ní Ìpókíá àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya páásípọ́ọ̀tù ní Ìdí-Ìrókò, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó kan gbogbo wa. Lẹ́tà ni. A fẹ́ kí ilé iṣẹ́ Canon ní Tokyo tún máa ṣe kámẹ́rà rangefinder, irú èyí tí wọ́n sọ ní Canonet láyé ọjọ́un. Kí wọ́n fi memory card sí i dípò fíìmù, kí wọ́n sì tà á ní iye tí apá ayàwòrán ìlú bíi tiwa lè ká.

Ẹni tó jẹ́ pé fóònù ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Rangefinder ní wíńdò kékeré kan lókè, níbi tẹ́ ẹ ti ń wo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Wíńdò kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí ìyẹn bá sì rí á yọ sí àárín ti àkọ́kọ́ bí àmì kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Bí lẹ́ńsì ò bá tíì bá ẹni náà mu, imú ẹ̀ á di méjì lójú yín. Ẹ ó máa fi ìka yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ títí imú méjèèjì á fi wọnú ara wọn tí wọ́n á di ẹyọ kan. Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Kò sí dígí tó ń fò sókè sódò nínú ẹ̀ bíi ti kámẹ́rà ńlá tá à ń gbé kọ́rùn lọ òde, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ju "tẹ́" lọ. Ojú yín tún ń rí kọjá ibi tí fótò máa mọ. Ìlà tó wà nínú wíńdò ló ń sàmì sí ẹ̀gbẹ́ fótò, ẹ ó sì ti máa rí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ìlà kó tó wọlé.

Ibi tí irú kámẹ́rà yìí ti wúlò jù lọ́dọ̀ wa ni òru Ẹ̀fẹ̀, òru orin inú ọdún Gẹ̀lẹ̀dé. Ọjà kún, ilẹ̀ ti ṣú, iná ò pọ̀. Tẹ̀tẹ̀dé, ère tó ń ṣáájú olórin, á ti jáde, kí Ẹ̀fẹ̀, olórin fúnra ẹ̀, tó gba abẹ́ màrìwò wọlé, tí á sì máa kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́: á súre, á bú ọ̀lẹ, á fi òṣèlú ṣẹ̀fẹ̀, á júbà àwọn ìyá. Orí ni ère igi tó gbé máa ń jókòó lé, aṣọ ló bo ojú olórin, inú aṣọ yẹn ló ti ń ríran. Ní irú ibẹ̀ ni àwa ti ń tan fíláàṣì sí i lójú! Fóònù ogún níhìn-ín, kámẹ́rà márùn-ún lọ́hùn-ún. Olórin ń wá ẹsẹ̀ orin tó kàn, iná ń bù ú lójú. Fótò tá a wá gbé lọ sílé ńkọ́? Ẹfun ti bo gbogbo ẹ̀. Ejò tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọjọ́ pípẹ́ gbẹ́ sórí ère náà, ẹyẹ tó bà lé e, ọ̀dà àlùkò àti ti ìyeyè, fíláàṣì ti pa gbogbo wọn pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, tí ògiri ẹ̀yìn sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ẹ ní kẹ́ ẹ pa fíláàṣì? Kámẹ́rà ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa dì mú nínú òkùnkùn, lẹ́ńsì ẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀, òmíràn á tún tan iná pupa tiẹ̀ kó tó mọ ibi tó ń wò. Kó tó mú un, Ẹ̀fẹ̀ ti kẹ̀yìn. Ẹni tó mọ rangefinder lò á ti fi ìka díwọ̀n jíjìn kí olórin tó dé ibẹ̀ rárá, á wá dúró dè é.

Kí n tètè sọ èyí kó tó di ẹjọ́: àsìkò wà tí kámẹ́rà kankan ò gbọdọ̀ jáde. Bí wọ́n bá ní kí iná ọjà kú kí ère tí wọ́n ń pè ní Ìyá tó wọlé, inú àpò ni ti gbogbo wa ń lọ. Mi ò pe ẹnikẹ́ni kó wá tàpá séèwọ̀.

Gẹ̀lẹ̀dé wà lára ohun 19 tí UNESCO kọ́kọ́ kéde ní 2001 pé aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí bí Gẹ̀lẹ̀dé ilẹ̀ Kétu àti Yewa ṣe rí nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì lágbára, ìwé Henry Drewal àti Margaret Thompson Drewal ló máa lọ ṣí, èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1983. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Àmọ́ ojú àlejò ni wọ́n fi yà á. Ọmọ Ìlaròó tó mọ ìyá tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, tó mọ ẹni tí olórin ń bú láìdárúkọ, ibòmíràn ni yóò kọjú kámẹ́rà ẹ̀ sí.

Kí ló dé tó jẹ́ Canon? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, Yashica ni wọ́n lò, pàápàá Electro 35 tó jáde ní 1966, tó ní iná kékeré méjì lórí. Ṣùgbọ́n Kyocera tó ra Yashica pa iṣẹ́ kámẹ́rà tì ní 2005, orúkọ lásán ló kù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Canon ṣì wà digbí. Kámẹ́rà tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní nǹkan bí 1936, rangefinder ni. Canonet jáde ní 1961, ọ̀gá wọn sì ni QL17 G-III ti 1972: lẹ́ńsì ẹ̀ ṣí dé 1.7, òkùnkùn ò fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù, bí bátìrì bá sì kú, ó ṣì ń yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí iná NEPA ṣe ń ṣe wá lásìkò ọdún, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rangefinder tuntun tó ń lo memory card, Leica ti Jámánì ló máa kọ́kọ́ rí. M11 tí wọ́n gbé jáde ní 2022, 8,995 dọ́là ni wọ́n pè é, láìka lẹ́ńsì. Owó ilẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wa, kódà kó tó kan ìpìlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò ṣe é ṣe bí kò bá jẹ́ Leica. Ní 2004, Epson, àní Epson tá a mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀, R-D1. Bí ẹni tó ń ta íǹkì bá lè ṣe é, Canon ò ní àwáwí.

Mo mọ ohun tẹ́nì kan máa sọ: "Kí ni Canon fẹ́ fi lẹ́tà Ìlaròó ṣe?" Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní 2018 ni Fujifilm kéde pé fíìmù Acros ti parí. Àwọn tó ń lò ó pariwo, nígbà tó di 2019, Acros II ti wà lọ́jà. Ní 2022, Leica tún gbé M6 ayé àtijọ́ jáde. Ní ìparí ọdún yẹn náà ni Ricoh sọ pé àwọn fẹ́ padà sídìí kámẹ́rà oní-fíìmù, ní 2024 Pentax 17 tiwọn sì dé. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń gbọ́. Tiwa ni wọn ò tíì gbọ́, torí a ò tíì sọ ọ́.

Nítorí náà, níbi ìpàdé àwọn ayàwòrán tó bá kàn, ní Ìlaròó àti ní Ayétòrò, kí lẹ́tà jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kí kálukú kọ tiẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ẹyọ kan kẹ́ ẹ wá máa ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí nirú ẹ̀ ń lọ tààrà. Ẹ fi fótò méjì há inú ẹ̀: ọ̀kan tí fíláàṣì bà jẹ́ lóru, ọ̀kan tí àgbà kan fi rangefinder yà nígbà kan rí. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè san, kí wọ́n mọ̀ pé ọjà wà, a ò tọrọ báárà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdè tó ṣe é tú kan ara ẹ̀, torí eruku ọyẹ́ ìhín á wọ inú ẹ̀ dandan, ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe nítòsí wa ló sì máa tú u.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Poly Ìlaròó, ẹ mọ orí íntánẹ́ẹ̀tì jù wá lọ, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ dé ibi tí wọ́n á ti kà á. Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin, Gẹ̀lẹ̀dé kan náà là ń jó, ẹ kọ tiyín ní Faransé. Ẹ̀yin ọmọ Yewa ní London, ẹ máa gbé àpò ìwé lọ síbi tí wọ́n bá ti ń pàtẹ kámẹ́rà tuntun, kẹ́ ẹ bi àwọn tó dúró nídìí ọjà Canon léèrè lójúkojú.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí Canonet tàbí Yashica yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ mú un wá sípàdé, ì báà má ní fíìmù nínú. Kí àwọn ọmọ gbé e sójú, kí wọ́n yí lẹ́ńsì ẹ̀ wò, kí wọ́n tó mú bírò.