Ọ̀wọ̀ Kò Dúró De Ìfẹ́

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwa alákọ̀wé. Bí wọ́n bá ti dárúkọ olórin kan tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, ẹni tí orin rẹ̀ kò bá wọ̀ létí yóò yínmú, yóò ní, ‘Kí ni wọ́n tilẹ̀ rí lára rẹ̀?’ Wọn a máa sọ ọ́ nípa Hàrúnà Ìṣọ̀lá, pé ohùn kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn a máa sọ ọ́ nípa Yusufu Ọlátúnjí, pé gòjé rẹ̀ ń ha àwọn létí. Wọn a máa sọ ọ́ nípa Fẹlá Aníkúlápó Kútì, pé orin rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀, láìgba orí afárá kankan kọjá, wọ́n á fò dé òdìkejì odò: olórin náà kò mọ nǹkan kan, àwọn tí ń yìn ín sì ń tan ara wọn jẹ ni. Fífò yìí ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé olólùfẹ́ àpàlà kan ni ó ń gbèjà ohun tí ó fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Àpàlà Hàrúnà Ìṣọ̀lá kì í mú orí mi wú. Mo ti jókòó tì í, mo ti fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi kò mì, ọkàn mi kò sì sún kẹ́rẹ́. Jùjú ni tèmi. N kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé Hàrúnà wà lára àwọn olórin tí ó tóbi jù lọ tí èdè Yorùbá tíì ní, mo sì ṣe tán láti bá ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ jiyàn. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí bá dà bí ẹni pé wọ́n ta ko ara wọn lójú òǹkàwé, ohun tí ó fà á ni pé a ti lọ́ nǹkan méjì pọ̀ tí ó yẹ kí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀.

Ìfẹ́ kì í gba àṣẹ. Ilé tí a bí ni sí, orin tí ìyá ẹni ń dá bí ó bá ń gúnyán, rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n lò ní ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ti la ọ̀nà sí etí ẹni kí á tó gbọ́njú. Kò sí ẹni tí a lè fi ipá mú pé kí inú rẹ̀ dùn. Gbèsè ni ọ̀wọ̀ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe ni ó sọ wá di ajigbèsè rẹ̀, ẹni tí ó bá sì lajú lè rí iṣẹ́ náà, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà má dùn mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí omijé kò bá dí ojú, èéṣe tí àìgbádùn lásán yóò fi dí etí?

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ Hàrúnà náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ní 1919 ni wọ́n bí i. Ní àkókò tí gìtá àti akọ́díọ̀nù ń gba ojú agbo jùjú, ìlù àpàlà tí ń fọhùn, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni òun dì mú. Ohùn kan náà tí wọ́n ń wí, ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ibi tí orin bá ti fò sókè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀, ìtumọ̀ ti yẹ̀. Olórin tí ó bá fẹ́ kí oríkì dé etí olóríkì láìfarapa ní láti mú ohùn rẹ̀ tẹ́jú, kí ó máa rọra gbé e, kí ìlù sì máa tẹ̀ lé e bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tí ó bá ń retí ariwo nínú àpàlà dà bí ẹni tí ó lọ wá igi ìdáná nínú odò. Kò ní rí ohun tí ó wá lọ, kò sì ní rántí bu omi.

Àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Oroki Social Club jáde ní 1971. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni ó fi yìn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rà á kọjá ará Òṣogbo lọ fíìfíì. Ọkùnrin kan jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, kò fò, kò pariwo, ó ń ki àwọn ẹni ẹlẹ́ni, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí sì ń fi owó ra orin náà wálé. Ǹjẹ́ a lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?

Ohun mìíràn tún wà. Ní 1969, Hàrúnà àti I. K. Dairo para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn, Star Records, sílẹ̀, kí olórin lè ní ọwọ́ nínú èrè iṣẹ́ rẹ̀. Dairo yìí ni ọ̀gá jùjú tí ń fi akọ́díọ̀nù ṣeré, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Àpàlà àti jùjú jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà. Òwò ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í bá ẹni tí kò kà sí da owó pọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọgbọ́n àtọ̀húnrìnwá ni mo ń kó wá, kí ó lọ wo agbo ìjálá. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìjálá ní 1966, ṣàlàyé bí àwọn onísùn ìjálá ṣe ń ṣọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́tí. Bí ó bá ṣi oríkì kì, wọn yóò dá a lọ́nà, wọn yóò tún un ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, ṣé òótọ́ ni ó wí? Ṣé ó kì í pé? Ṣé ohùn rẹ̀ gbé e? Ọdẹ lè fẹ́ràn ohùn ẹlòmíràn ju ti ẹni tí ó ń sùn lọ, síbẹ̀ bí ẹni náà bá kì í pé, ó ti kì í pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀sà jẹ́ ti eégún, tí ìyẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti babaláwo, tí ẹkún ìyàwó jẹ́ ti ọmọge tí ń lọ ilé ọkọ. Ẹni tí kò sí nínú ọ̀kan kì í torí bẹ́ẹ̀ sọ pé òfo ni. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ti ka ìwé dé òpin ni a wá padà di ọmọdé yìí.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, ‘Ṣé kí á wá máa yin gbogbo ohun tí àwùjọ bá ti yìn ni?’ Rárá o. Òkìkí kì í ṣe ẹ̀rí. Owó lè ra òkìkí, rédíò sì lè fi àtúnlù sọ orin yẹpẹrẹ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí òkìkí ń bèèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí á wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí á tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí. Bí lámèyítọ́ kan bá sọ pé àpàlà, jùjú àti fújì ti yin olówó jù, tí wọn kì í sì í bèèrè ibi tí owó ti wá, ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ, ó sì yẹ kí á jókòó bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nípa orin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn ní ‘kò wọ̀ mí létí’, ìròyìn etí ara rẹ̀ ni ó mú wá. A gbọ́. Kí ó má ṣe sọ ìròyìn di ìdájọ́.

Àwọn kan wà ní apá kejì tí n kò ní ṣàì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n ń díbọ́n ìfẹ́. Ẹ wo ohun tí a ti ṣe sí Fẹlá. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ kí ọmọ wọn gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ní 18 Fẹ́búárì 1977 àwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, fara pa níbẹ̀, ó sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Fẹlá fúnra rẹ̀ kú ní 2 Ọ́gọ́ọ̀sì 1997. Láti ìgbà náà ni àwòrán rẹ̀ ti kún àyà ẹ̀wù, tí orúkọ rẹ̀ sì ń dùn lẹ́nu àwọn tí kò lè jókòó ti orin oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ṣoṣo kí ó tán. Irọ́ ni irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í kọ́ ẹni tí ń pa á ní nǹkan kan. Mo yan ẹni tí yóò sọ gbangba pé, ‘Orin Fẹlá kò mú mi lọ́kàn,’ tí yóò sì tún fi kún un pé, ‘Ṣùgbọ́n òun àti onílù rẹ̀, Tony Allen, dá ìlù kan sílẹ̀ tí ayé kò gbọ́ rí, ó fi èdè pìjìnì kọrin kí ará Gánà àti ará Làìbéríà lè gbọ́ ọ, ó sì fi ara rẹ̀ san owó ohun tí ó sọ.’ Ẹni tí ìwà Fẹlá kò bá tẹ́ lọ́rùn náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó kàn má ṣe pe ẹjọ́ ìwà ní ẹjọ́ orin.

Ẹgbẹ́ kẹta ni ó léwu jù, nítorí pé ohùn wọn dà bí ohùn ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní, ‘Kálukú ni ó mọ ohun tí ó wù ú, kò sí orin tí ó dára, kò sí èyí tí kò dára.’ Ọ̀lẹ ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ó wu ni, a jẹ́ pé ẹni tí ó fi ogójì ọdún kọ́ ìlù kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá, a kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ohunkóhun. Ẹni tí kò sì jẹ gbèsè, kí ni yóò máa tọ́jú?

Ibí gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Bí baba bá kú, àwọn ọmọ a tú yàrá. Wọ́n á bá àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù: sákárà, àpàlà, wákà, jùjú. Èyí tí ó bá wù wọ́n, wọ́n á mú. Ìyókù di ti ààtàn, tàbí ti ẹni tí ń ra ẹrù àlòkù kiri. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù yóò tún irú àwo bẹ́ẹ̀ tẹ̀ jáde, a ó sì fi owó òkèèrè ra ohun tí a fi ọwọ́ ara wa sọ nù. Kì í ṣe orin nìkan ni ó wà nínú àpótí náà. Oríkì ìdílé wà níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ àti ti ìlú wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ẹ̀gbá nígbà náà. Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní Abẹ́òkúta ní 6 Mèé 1980. Ní 2021, Túndé Kèlání gbé fíìmù Àyìnlá jáde, ọ̀pọ̀ tí ó wò ó ni a kò tíì bí nígbà tí ọkùnrin náà kú. Bí àwọn tí ó wà láàárín ọdún mọ́kànlélógójì yẹn bá ti tọ́jú kìkì ohun tí ó dùn mọ́ wọn, ohùn ta ni ìbá kù fún ẹni tí yóò ṣe fíìmù? Ohun tí ó wu ìran kan ni ìfẹ́ ń tọ́jú. Ọ̀wọ̀ ni ó ń tọ́jú ohun tí ó lè wá wu ìran tí ń bọ̀.

Òfin yìí kò sì yọ àgbà sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí àwa tí orí wa ti funfun ṣe ń pe orin àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ní ariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ alákọ̀wé ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo Síkírù Àyìndé Barrister nígbà tí ó mú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì lóṣù Rámádáànì, tí ó sì sọ ọ́ di fújì. Barrister kú ní 2010. Ní 2022, Asake gbé Mr. Money With The Vibe jáde, ègbè fújì sì ń dún nínú rẹ̀ ketekete fún ẹni tí ó bá ní sùúrù láti gbọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí bàbá àgbà jó sí i. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ dé òpin ni a ní kí ó ṣe, kí ó tó pè é ní ariwo.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí orin olórin ńlá kan kò bá mú lọ́kàn kò pọ̀. Kí ó gbọ́ orin náà tán. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ pé, ‘Fi ibi tí ó ti dùn hàn mí.’ Kí ó sọ òótọ́ etí rẹ̀ láìtijú, kí ó sì sọ òótọ́ iṣẹ́ olórin náà láìfi bò. Ní tèmi o, n kò ní jó sí àpàlà Hàrúnà Ìṣọ̀lá lónìí, bóyá n kò sì ní jó sí i láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ da àwo rẹ̀ sí ààtàn, kò ní jẹ́ níṣojú mi.