Kí Wọ́n Tó Fa Oògùn Jẹjẹrẹ Sára Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Sábóngàrí, Kánò, oògùn jẹjẹrẹ a máa gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó lè ba àtọ̀ ọkùnrin tàbí ẹyin obìnrin jẹ́. Láti 2006 ni ẹgbẹ́ dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún aláìsàn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì lè gba àtọ̀ tàbí ẹyin pamọ́ sínú òtútù. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn bí a ti ń sọ ọ́.

Tiwa ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ń sọ Haúsá, bàbá ló ń ṣe ògbufọ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ta ni yóò wá dárúkọ nǹkan oṣù lójú bàbá? Ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sì wá obìnrin tó gbọ́ èdè méjèèjì sí i.