Ìbọn Lọ́wọ́, Ọmọ Lápá: Ìran Tó Gbé Fíìmù Tsotsi Ró

Ní Randburg, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹni tó mọ ìlú kì í kàn dúró gbagidi níwájú géètì ara rẹ̀. Á wẹ̀yìn, á wo ọ̀tún wo òsì, kí géètì tó ṣí tán. Odi gíga àti wáyà iná ló yí ọ̀pọ̀ ilé ká ní apá àríwá Johannesburg yìí, ẹ̀rù àwọn tó ń fi ìbọn gbọkọ̀ lọ́wọ́ onílé kò sì ṣàjèjì sí tọmọdé tàgbà. Nígbà tí fíìmù Tsotsi jáde lọ́dún 2005, kò sẹ́ni tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tó nílò àlàyé lórí bí wàhálà inú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀, géètì kọ̀ kò ṣí, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ kó lè pe ọkọ rẹ̀ nínú ilé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó yìnbọn fún un, ó sì wa ọkọ̀ náà sá lọ. Ó ti lọ jìnnà kó tó gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìjókòó.

Ìbọn tó dún yẹn kọ́ ló máa ń fa àríyànjiyàn. Èyí tó ń fà á dé lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Tsotsi, tí Presley Chweneyagae ṣe, ti gbé ọmọ náà sínú àpò bébà wá sí yàrá rẹ̀. Kò mọ ọmọ tọ́. Ó fún un ní mílíìkì alágolo, kò pẹ́ tí èèrà fi bo ọmọ lẹ́nu. Níbi ẹ̀rọ omi àdúgbò ló ti rí Miriam, opó kékeré kan tó pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó tẹ̀ lé e délé, ó já wọlé tọ̀ ọ́, ó na ìbọn sí i, ó ní kó fún ọmọ náà lọ́mú. Terry Pheto ló ṣe Miriam. Ó jókòó, ó ṣí àyà, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, ìbọn sì wà níbẹ̀.

Àwọn tó ní ìran yìí ba fíìmù náà jẹ́ kò sọ̀rọ̀ òfìfo. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìbọn gbà, pé fíìmù náà sọ ara obìnrin di oògùn tí wọ́n fi wo jàǹdùkú sàn. Ìyá tó bí ọmọ náà wà ní ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, àánú òǹwòran sì ti ń yí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yìnbọn fún un. Ní orílẹ̀-èdè tí ìwà ipá sí obìnrin ti gogò bíi South Africa, ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Síbẹ̀, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń wo Tsotsi, wọn kò wo Miriam tó. Nínú ìran yẹn, ọmọ ni Miriam tẹjú mọ́, kò rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà, kò sì dárí jì í. Ìgbà tí ọmọ ti ń mu ọmú ni agbára yàrá náà yí padà láìsí ariwo: ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ ló wá ń tọrọ. Miriam yìí kan náà ló padà sọ fún un pé kó dá ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀. Ká yọ ìran náà kúrò, ta ni ì bá sọ ọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ Tsotsi kò lè sọ ọ́, ọlọ́pàá kò lè sọ ọ́ kó gbọ́. Yorùbá ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Tsotsi ti sá kúrò nílé láti kékeré, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn tí bàbá rẹ̀ sì ya òǹrorò. Inú páìpù ńlá ló sùn dàgbà. Nínú yàrá Miriam ló ti rí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ohun tí kò rí gbà. Ìrora ló rí yẹn, kì í ṣe ìdáláre.

Ẹ̀rí kan tún wà tí àwọn tó ń jiyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Inú ìwé ìtàn tí Athol Fugard tẹ̀ jáde ní 1980 ni Gavin Hood, olùdarí fíìmù náà, ti mú ìtàn yìí. Àwọn ọdún 1950 ni ìwé náà ń sọ, ní Sophiatown, níbi tí wọ́n ti gbé ọmọ fún Tsotsi nínú páálí bàtà. Hood yí ìgbà padà, ó sọ páálí di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó yí ìparí pàápàá padà: nínú ìwé, Tsotsi kú sábẹ́ àlàpà níbi tó ti fẹ́ gba ọmọ náà là, nínú fíìmù, ó nawọ́ sókè níwájú ìbọn ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya oríṣi ìparí mìíràn pa mọ́. Nínú gbogbo àyípadà yìí, ìran ọmú kò yẹsẹ̀. Olùdarí náà mọ̀ pé òun ni òpó ilé. Nígbà tí fíìmù náà gba Oscar fún fíìmù elédè àjèjì ní 2006, iṣẹ́ tí òpó yẹn ṣe wà nínú ẹ̀.

Kí ìyàtọ̀ lè hàn, ẹ jẹ́ ká gbé Gangs of Lagos sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fíìmù tí Jádesọlá Osiberu darí yìí jáde lórí Prime Video ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn apànìyàn inú rẹ̀ sì wọ aṣọ funfun egúngún Ẹ̀yọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó gbaná jẹ. Àwọn tó gbèjà fíìmù ní eré ni eré ń jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni aṣọ funfun yẹn ṣe nínú eré náà? Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé Ẹ̀yọ̀ kì í ṣàì ní orísun: àwọ̀ akẹtẹ̀ tó dé ló ń sọ ìga, ìyẹn ilé olóyè, tó ti jáde. Apànìyàn tó bá dé akẹtẹ̀ ìga kan ti fi ẹ̀jẹ̀ kan odindi ìdílé. Ìtàn ńlá ló wà níbẹ̀, ó sì dunni pé fíìmù náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Aṣọ náà kàn rẹwà lójú kámẹ́rà ni. Ká fi aṣọ òjò dúdú rọ́pò rẹ̀, ìjà àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, Ọbalọlá àti Kazeem, kò ní yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìfòfindè kì í tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní 2009, Dora Akunyili tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà ní kí àwọn ilé sinimá ní Nàìjíríà dáwọ́ àfihàn fíìmù District 9 dúró, nítorí pé Neill Blomkamp, ọmọ Johannesburg, fi àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran ara àwọn ẹ̀dá tó wá láti òfuurufú kí wọ́n lè gba agbára. Ìbínú náà tọ́. Ìran yẹn kò fi ohunkóhun kún ìtàn àfi ìkórìíra tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì yan fíìmù náà fún Oscar mẹ́rin, àríyànjiyàn sì dúró sórí orúkọ Nàìjíríà, kò dé orí iṣẹ́ ọwọ́ olùdarí.

Orí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló yẹ kí ó dé. Ká ní ẹnìkan nínú Gangs of Lagos ti béèrè pé akẹtẹ̀ ìga wo ni apànìyàn náà dé, tí ìdáhùn sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìdílé, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ì bá ṣì bínú. Wọn ì bá sì ní ohun tí wọ́n lè bá Osiberu jiyàn lé lórí.