Ẹ Pe Olè ní Olè, Ẹ Fi Ọlọ́kadà Sílẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n tó bá kan ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń sáré lójú títì, ohun tó bá ṣáà ti wá sí wa lẹ́nu la fi ń pè é. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àwàdà o.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí scooter. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé Vespa jáde ní 1946, orúkọ agbọ́n ni wọ́n fún un, nítorí vespa ni agbọ́n ń jẹ́ lédè wọn. Táyà rẹ̀ kéré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó, iwájú rẹ̀ sì ṣófo tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi ń sinmi sórí pẹpẹ. Obìnrin tó ró ìró lè gùn ún láìká aṣọ sókè. Ẹnu tiwa sọ ọ́ di fẹ́sípà. Tíṣà àti akọ̀wé ń gùn ún, wọ́n sì ń gbayì.

Èyí tó ga, tí táǹkì epo rẹ̀ wà láàárín itan, etí Yorùbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: ó ń ké pù-pù-pù, ó di alùpùpù. Orúkọ tó bá a mu rẹ́gí! Kí ló wá dé tí a pa á tì?

Ọ̀kadà ló dé. Ìlú kan ni Okada ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Olóyè Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú náà pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó dá sílẹ̀ ní 1983, Okada Air. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ rí alùpùpù tó ń gbé èrò fò kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ni wọ́n bá fi wé ọkọ̀ òfuurufú. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló kù lójú títì.

Ẹ̀fẹ̀ kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé iṣẹ́ ni ọ̀kadà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àmọ́ bí olè méjì bá gun alùpùpù já báàgì gbà, ẹ ó gbọ́: "Àwọn ọlọ́kadà tún ti ṣe é!" Ṣé bí olè bá gun mọ́tò wá, a máa ń sọ pé àwọn dírẹ́bà ló jalè ni?

Ẹnìkan á ní, "Orúkọ lásán ni, jàre." Irọ́ ni! Ẹni tí a bá ti sọ lórúkọ ọ̀daràn, lílé ló kù. Òfin Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní Okúdù 2022, wọ́n lé e pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Jàm̀bá ọ̀kadà pọ̀ lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Èkó ní bọ́ọ̀sì ńlá àti rélùwéè. Kí ni Òmù-Àrán ní? Bí ìrọbí bá mú aboyún lóru ní abúlé tí mọ́tò kò lè dé, ta ni yóò gbé e? Ta ní ń gbé iṣu jáde lóko? Àlejò tí kò ní mọ́tò, tó fẹ́ wo ère òkúta ní mùsíọ́mù Èsìẹ́, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945, ta ni yóò pè?

Àwa ọmọ Ìgbómìnà kọ́ ló yẹ kó fojú tẹ́ńbẹ́lú irinṣẹ́ tó mọ̀nà. Ìtàn wa ní àdá kan tí ń jẹ́ Ogbó ló bí orúkọ wa: Ogbó mọ̀nà. Lónìí, ta ló mọ ọ̀nà oko wa ju ọlọ́kadà lọ?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fẹ́sípà máa jẹ́ fẹ́sípà, kí ẹ̀rọ máa jẹ́ alùpùpù, kí iṣẹ́ máa jẹ́ ọ̀kadà. Ẹ̀yin ọlọ́kadà náà, ẹ dé akoto, ẹ gba láísẹ́ǹsì, ẹ má mu paraga gun ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sì jalè, ìbáà gun ẹṣin wá, olè lorúkọ rẹ̀.